Lẹ́tà ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa n'Ílọrin: ihò tẹ́ ẹ̀ ń wá ò sí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀yin bàbá wa, Ọ̀gá Àgbà, àti gbogbo ìgbìmọ̀ tó ń bá yín darí ilé-ẹ̀kọ́, àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àbójútó ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò ní jẹ́ kí kíkí gùn torí ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá gbóná lọ́wọ́.

Mémò tẹ́ ẹ fi síta lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mò ń sọ. Ẹ ní láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà tuntun, Wi-Fi ò ní sí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kankan mọ́, t'ọkùnrin t'obìnrin, torí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-ẹ̀kọ́ ṣiṣẹ́ ibi. Ẹ ò sọ iṣẹ́ ibi wo, ẹ ò sì sọ ọ̀nà tí ẹni tó ṣe é gbà wọlé. Èmi tí mò ń kọ èyí, ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ni mo ti jáde, iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe jẹun n'Ílọrin títí dòní, àbúrò mi obìnrin sì wà níbẹ̀ báyìí ní 300 level. Mi ò dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà síbí torí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi lẹ́tà yìí bà á jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ mémò mọ ara yín, àwọn tó gbà á náà mọ ara wọn.

1. Ẹni tó ṣe é ò nílò Wi-Fi họ́sítẹ́ẹ̀lì

Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ tí gbogbo kámpọ́ọ̀sì ti gbọ́, bẹ́ ẹ tilẹ̀ ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Ímeèlì kan jáde láti àpótí ọ́fíìsì tó ń gba owó, ó ń sọ fáwọn ọmọ tuntun pé àkáǹtì tí wọ́n á san owó sí ti yí padà, àwọn òbí kan sì san án. Lẹ́yìn ìyẹn ni máàkì kọ́ọ̀sì kan yí lórí portal, ìyẹn ojú-òpó ilé-ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí i tán, orúkọ lẹ́kíṣọ̀ tó ni kọ́ọ̀sì náà ló sì wà níbẹ̀ pé òun ló yí i, bẹ́ẹ̀ Mẹ́kà ni bàbá náà wà lọ́jọ́ yẹn, ó lọ sí Hájì.

Ẹ wò ó dáadáa, sà. Ímeèlì yẹn, wọn ò ṣe ayédèrú àdírẹ́sì kankan, àpótí ọ́fíìsì yẹn gan-an ló ti jáde. Ẹnìkan ní páásìwọ́ọ̀dù ẹ̀ lọ́wọ́ nìyẹn. Bákan náà ni ti lẹ́kíṣọ̀. Ẹni tó bá sì ti ní páásìwọ́ọ̀dù, ó lè jókòó sí Tanke, ó lè wà l'Ọ́fà, ó lè wà ní Dubai, dátà ẹgbẹ̀rún kan náírà ti tó o láti wọlé. Tẹ́ ẹ bá pa Wi-Fi họ́sítẹ́ẹ̀lì títí ayé, portal ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ímeèlì ṣì wà níbẹ̀, páásìwọ́ọ̀dù tó ti já sọ́wọ́ olè ṣì ń ṣiṣẹ́.

Àwọn tí mémò yẹn máa dùn ni ọmọ 400 level tó ń kọ project tó nílò láti gba ìwé ìwádìí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń ta ata ní Ìpàtà tí kò lè máa ra dátà lójoojúmọ́. Àwọn ọmọbìnrin á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lálẹ́ lọ wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lójú títì. Àbúrò mi ti ń sọ ọ́ fún mi, inú mi ò dùn sí i rárá.

2. Gbogbo kámpọ́ọ̀sì wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Nígbà tí wọ́n gbé wáyà fáíbà gba abẹ́ ilẹ̀ láti Senate dé àwọn fákọ́tì, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n so gbogbo ẹ̀ pọ̀ tán, kò sẹ́ni tó pín in. Kọ̀ǹpútà bọ́sárì, server (kọ̀ǹpútà ńlá) tí rísọ́ọ̀tì wà lórí ẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ́jísírì, kámẹ́rà ẹnu géètì, fóònù ọmọ 100 level, gbogbo wọn jọ wà lójú kan náà ni, wọ́n ń rí ara wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ jókòó sí láíbírì, ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ Wi-Fi, kẹ́ ẹ wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bí ẹni tó kàn fẹ́ tẹ assignment, orúkọ ẹ̀rọ ọ́fíìsì tí kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí á tò sílẹ̀ níwájú yín. Mi ò fi ọgbọ́n hacker kankan mọ̀ ọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ tẹ ìwé ló fi hàn mí lórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀.

Bí agboolé ńlá ló rí, bí irú àwọn tó wà ní Pákátà, tí wọ́n mọ ògiri yí ká tí wọ́n sì fi máígádì sẹ́nu géètì, ṣùgbọ́n tí kò sí ilẹ̀kùn lẹ́nu yàrá kankan nínú. Firewall tẹ́ ẹ ra lówó ńlá yẹn ni máígádì. Ẹni tó bá ti kọjá ẹ̀, tàbí tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀, yàrá tó bá wù ú ló lè wọ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún 2017, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní WannaCry jáde, kọ̀ǹpútà tó mú ju 200,000 lọ ní orílẹ̀-èdè bí 150. Fáírọ́ọ̀sì yẹn ò dúró de kẹ́nikẹ́ni tẹ nǹkan kan kó tó tàn. Bó bá ti wọ kọ̀ǹpútà kan báyìí, á máa wá gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, èyí tí wọn ò bá ti ṣe update ẹ̀, ó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, á ti fáìlì ibẹ̀ pa, á ní kí wọ́n san owó. Àwọn ọsibítù ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá àwọn aláìsàn padà sílé lọ́jọ́ náà torí kọ̀ǹpútà ò ṣí. Ohun tó ká mi lára nínú ẹ̀ ni pé Microsoft ti gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde láti oṣù Kẹta ọdún yẹn, oṣù méjì gbáko ṣáájú, ọ̀pọ̀ èèyàn ò kàn fi sí i ni. Ẹ wá rò ó, irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ wọ láptọ́ọ̀pù ọmọ kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tàbí ó bá fíláàṣì àlejò kan wọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì dean, kí ló máa dá a dúró kó tó dé ibi tí rísọ́ọ̀tì wà? Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ṣe wà yìí, kò sí nǹkan kan.

Pínpín in ò gbowó tó bẹ́ ẹ ṣe rò. Switch, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki gbogbo wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ̀, èyí tí wọ́n bá rà fún iṣẹ́ ńlá báyìí, púpọ̀ nínú wọn ló lè ṣe VLAN, ìyẹn ni pé wáyà kan náà lè gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́rin márùn-ún tí wọn ò ní mọ ara wọn rárá. Ẹ ya ti akẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀, ẹ ya ti olùkọ́, ẹ ya ọ́fíìsì owó, ẹ fi server rísọ́ọ̀tì sí àyè tiẹ̀, kámẹ́rà náà ní tiẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ ti apá kan bọ́ sí èkejì, kó gba ojú firewall kọjá, kó sì wà lákọsílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì á jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì, á kàwé ẹ̀, kò ní rí ọ́fíìsì yín láé. Èyí ló yẹ kí mémò yẹn sọ.

Nǹkan kan tún kù lórí Wi-Fi náà. Páásìwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ń lò, ẹni tó ń ta àkàrà lẹ́yìn ọgbà náà mọ̀ ọ́n. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ ò lè mọ ẹni tó ṣe é, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi fẹ́ fìyà jẹ gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù máa fi orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù tiẹ̀ wọlé. Bí eduroam ṣe ń ṣe é ní àwọn fásitì káàkiri àgbáyé nìyẹn, àní tí ọmọ ibì kan bá lọ sí fásitì míì, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tiẹ̀ náà ni á fi wọlé lọ́hùn-ún.

3. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe é lóòótọ́

Mi ò ní sọ fún yín pé akẹ́kọ̀ọ́ ò lè ṣe irú ẹ̀. Wọ́n ti ṣe é rí. Ní oṣù Kọkànlá 1988, Robert Morris tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Cornell l'Amẹ́ríkà ló tú ọ̀kan nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó tàn ká íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Nígbà tiwa yìí, Paras Jha, akẹ́kọ̀ọ́ Rutgers University ní New Jersey, láti 2014 títí di 2016 ló ń kọ lu nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-ẹ̀kọ́ ara ẹ̀ léraléra, débi pé portal tí wọ́n fi ń gbé assignment wọlé á kàn kú. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló kọ Mirai, tó ń gba kámẹ́rà àti router tí àwọn tó ni wọ́n ò yí páásìwọ́ọ̀dù tó bá wọn wá láti ilé-iṣẹ́. Páásìwọ́ọ̀dù bí ọgọ́ta àti díẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, irú bí admin/admin, ìyẹn nìkan ló fi gba ẹ̀rọ tó ju 100,000 lọ káàkiri ayé. Ní 2018 ilé-ẹjọ́ ní kó san mílíọ̀nù 8.6 dọ́là fún ohun tó ṣe sí Rutgers.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ṣe èyí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ tó kù ni portal ń kú mọ́ lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá wá ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jìyà ẹ̀, àwọn tí olè náà ṣe níbi lẹ tún ń nà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín, àwọn kámẹ́rà tí kọngílá gbé kọ́ sẹ́nu géètì àti iwájú họ́sítẹ́ẹ̀lì, ta ló yí páásìwọ́ọ̀dù wọn padà? Ṣé ìwé kan wà ní ICT tó to gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn sílẹ̀, ibi tí wọ́n wà, ẹni tó ń tọ́jú wọn? Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ bi wọ́n. Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ, torí mo ti bá àwọn kan nínú wọn ṣiṣẹ́ rí.

4. Bí páásìwọ́ọ̀dù ṣe ń jáde

Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ. Ọjọ́ díẹ̀ ni portal máa ń ṣí fún gbígbé máàkì, iná lè má sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè máa fà, lẹ́kíṣọ̀ ní ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ọmọ nínú kíláàsì kan. Kí ló máa ṣe? Á fún kọ́pà ní páásìwọ́ọ̀dù ẹ̀. Kọ́pà á gbé e lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ẹnu géètì torí ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ wà, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ á bi í pé ṣé kí òun tọ́jú páásìwọ́ọ̀dù yìí, á tẹ yes torí ó ń kánjú, ọjọ́ burúkú sì ti wọlé dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rò ó ní ibi. Kọ́pà á parí ìsìnrú ìlú ẹ̀, á padà sọ́dọ̀ àwọn òbí ẹ̀, páásìwọ́ọ̀dù ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síwájú ẹ̀ ló lè lò ó. Olórí dípátímẹ́ǹtì á fún akọ̀wé ẹ̀ ní tiẹ̀, akọ̀wé á kọ ọ́ sórí bébà á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ̀ǹpútà. Àpótí ímeèlì ọ́fíìsì kan, èèyàn márùn-ún mẹ́fà ló mọ páásìwọ́ọ̀dù ẹ̀, wọ́n á gbé ẹnìkan lọ sí ọ́fíìsì míì, wọn ò ní yí i padà. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó ti japa lọ sí Kánádà, àkáǹtì wọn ṣì ń ṣí.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúkọ bàbá wọn ni portal fi ń ṣe páásìwọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ fún wọn, kò sì fi tipátipá ní kí wọ́n yí i. Nọ́ńbà matric wọn rèé, ẹ̀ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó pẹ̀lú orúkọ. Ẹni tó bá ti dúró níwájú pátákó yẹn pẹ̀lú fóònù, ó ti ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo kíláàsì lọ́wọ́.

Mi ò fi èyí bú olùkọ́ kankan, mi ò sì fi bú kọ́pà. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa ṣe nínú ètò tí kò ro tiwọn. Àtúnṣe ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fún kọ́pà ní àkáǹtì tiẹ̀ tó lè tẹ máàkì wọlé ṣùgbọ́n tí kò lè fọwọ́ sí i, kí àkáǹtì náà sì kú lọ́jọ́ tí ìsìnrú ẹ̀ bá parí. Ẹ jẹ́ kí portal ṣí pẹ́, kí ìkánjú dínkù. Kí ọ́fíìsì tó ń gba ìwé ìfẹ̀yìntì àti ìwé ìkọ̀ṣẹ́sílẹ̀ máa fi orúkọ ránṣẹ́ sí ICT lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n ti àkáǹtì pa. Lékè gbogbo ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń fọwọ́ kan owó tàbí máàkì, ẹ fi kóòdù orí fóònù kún páásìwọ́ọ̀dù ẹ̀, bí báǹkì ṣe ń ṣe fún wa. Ká ní ó ti wà ni, lẹ́kíṣọ̀ tó wà ní Mẹ́kà yẹn ì bá rí i lórí fóònù ẹ̀ pé ẹnìkan fẹ́ wọlé, olè ì bá sì dúró síta.

5. Bẹ́ ẹ ṣe dákẹ́ ló dùn mí jù

Òbí tó san owó sí àkáǹtì olè, wọ́n ní kó lọ bá báǹkì ẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n wọ ojú-ìwé wọn lórí portal, kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí wọn pé nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀, ẹ yí páásìwọ́ọ̀dù yín. Bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lọ́wọ́ yín kéré ni? Ọjọ́ ìbí wọn, NIN wọn, nọ́ńbà fóònù bàbá àti ìyá, fọ́tò, ìwé ìlera tí wọ́n ṣe ní kíliníìkì nígbà tí wọ́n wọlé. Látìgbà tí NELFUND ti ń yá àwọn ọmọ lówó ní 2024, ilé-ẹ̀kọ́ náà ló ń fi orúkọ àti àlàyé wọn ránṣẹ́ síbẹ̀. Olè tó bá ní gbogbo ìyẹn, ó lè pe ìyá ọmọ kan n'Ílọrin kó máa sọ gbogbo nǹkan nípa ọmọ ẹ̀ títí á fi gbà á gbọ́.

Òfin sì wà fún un. Òfin ààbò dátà orílẹ̀-èdè yìí tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023 sọ pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí dátà èèyàn tó lè fi wọ́n sínú ewu, ẹni tó ni ìkáwọ́ dátà náà gbọ́dọ̀ sọ fún Nigeria Data Protection Commission láàrín wákàtí 72. Tí ewu náà bá pọ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó ni dátà fúnra wọn, ní èdè tó yé wọn, láìfi falẹ̀. Ìtanràn ẹ̀ fún àwọn àjọ ńlá lè tó mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún wọn lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tún ṣe ní 2024 náà dárúkọ wákàtí 72. Ọ̀sẹ̀ mélòó ló ti kọjá báyìí, sà? Ṣé ẹ ti sọ fún wọn? Mo bẹ̀ yín, ẹ dáhùn èyí ní gbangba.

Ìtìjú ò sí nínú kéèyàn sọ ọ́. Ẹ wo JAMB ní 2025. Wọn ò fi àtúnṣe sí àwọn server tó ń sìn Èkó àti apá ìlà-oòrùn gúúsù bó ṣe yẹ, rísọ́ọ̀tì àwọn ọmọ bàjẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà, tí gbogbo wa mọ̀ n'Ílọrin níbí torí òun ni VC Unilorin láti 2007 sí 2012, jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú gbogbo ayé, ó gbé ẹ̀bi náà sórí ara ẹ̀, ó sunkún, wọ́n sì ní kí ọmọ 379,997 tún ìdánwò ṣe. Èèyàn bínú, ó sì yẹ kí wọ́n bínú. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, a mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ náà mọ ohun tó kàn. Server tí wọn ò ṣe update ẹ̀ ló fa gbogbo ẹkún yẹn o, hacker kankan ò sí níbẹ̀.

Maastricht University nílẹ̀ Netherlands náà, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì ti ọ̀pọ̀ server wọn pa ní Kérésìmesì 2019, wọ́n san 30 bitcoin, ìyẹn owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, bí 200,000 euro nígbà yẹn. Oṣù Kejì 2020 ni wọ́n pe gbogbo èèyàn jọ, tí wọ́n to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ: ímeèlì ẹ̀tàn tí ẹnìkan ṣí ní oṣù Kẹwàá, oṣù méjì tí olè fi ń rìn káàkiri nínú ilé láìsẹ́ni tó rí i, àti àwọn àtúnṣe tí wọn ò ṣe. Australian National University náà gbé ìwé tiwọn jáde ní 2019, kí ilé-ẹ̀kọ́ míì lè fi kọ́gbọ́n. Ẹ̀yin náà lè ṣe irú ẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní gúúsù Kwara, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, á jẹ àǹfààní ẹ̀.

6. Backup àti Windows àtijọ́

Mo máa yára lórí èyí. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, Windows 7 ti kú láti oṣù Kìíní 2020, méjèèjì ṣì wà lórí tábìlì àwọn ọ́fíìsì yín, àwọn kan nínú wọn kì í tiẹ̀ ṣe ojúlówó. Èyí tí kò bá ṣeé pààrọ̀ báyìí, ẹ gé e kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó máa ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé.

Ti backup, ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹ̀dà rísọ́ọ̀tì wà nínú yàrá server kan náà, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Iná bá jó yàrá yẹn, tàbí fáírọ́ọ̀sì bá wọ̀ ọ́, méjèèjì á jọ lọ ni. Kí ẹ̀dà mẹ́ta wà, kí ọ̀kan má so mọ́ wáyà kankan, kó sì wà níbòmíì. Kí wọ́n sì máa gbìyànjú láti dá a padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n rí i pé ó ń ṣí, torí mo ti rí backup tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n nílò ẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé òfìfo ni. Ní ọdún 2022, Lincoln College ní Illinois tó ti wà láti 1865 ti ilẹ̀kùn pátápátá. Kòrónà ti dá wọn lágara tẹ́lẹ̀, ransomware, ìyẹn fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa kó lè gbowó, wá ti dátà ìgbaniwọlé wọn pa fún oṣù mélòó kan, wọn ò lè mọ iye ọmọ tó ń bọ̀, wọn ò lè wá owó.

7. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà

Àwọn ọmọ ICT yín kéré níye, àwọn tó mọ iṣẹ́ jù ń lọ, inverter yàrá server ń kú, ẹ sì gbé mémò yìí jáde láìbi wọ́n. Ẹni tó ń darí ICT ò sí nínú ìpàdé tẹ́ ẹ ti ń pinnu ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Báwo ni ẹ ṣe máa mọ èyí tó ṣeé ṣe àti èyí tí kò ṣeé ṣe?

Ohun tí a ń bèèrè

Ẹ fa mémò yẹn padà kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi Wi-Fi sílẹ̀ fáwọn ọmọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn, pẹ̀lú orúkọ olúkúlùkù.

Láàrín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yí páásìwọ́ọ̀dù gbogbo àpótí ọ́fíìsì, ẹ ti àkáǹtì àwọn tó ti lọ pa, ẹ fi kóòdù fóònù sí ti bọ́sárì, rẹ́jísírì àti gbogbo ẹni tó ń gbé máàkì. Èyí ò nílò ìsúná, kò nílò kọngílá.

Ẹ sọ fún Commission bí ẹ ò bá tíì sọ, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí àwọn ọmọ tọ́rọ̀ kàn àti àwọn òbí wọn, ní Yorùbá náà, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá yẹn ló jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n máa kà tó máa yé wọn. Àwọn tó san owó sí àkáǹtì olè látàrí ímeèlì tó jáde láti ọ́fíìsì yín, kí wọ́n má san owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Kí sáà àkọ́kọ́ tó parí, ẹ pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ́fíìsì owó àti server rísọ́ọ̀tì, àwọn tó kù lè tẹ̀lé e. Ẹ sì fi ọ̀gá ICT sínú ìgbìmọ̀, pẹ̀lú aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ kan.

Tó bá jẹ́ pé àìsí òṣìṣẹ́ ló ń dá yín dúró, àwa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí tẹ́lẹ̀ tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí n'Ílọrin ti bá ara wa sọ̀rọ̀, a ṣe tán láti wá pín in pẹ̀lú àwọn ọmọ ICT yín ní òpin ọ̀sẹ̀, láìgba kọ́bọ̀. Ẹ fún wa ní ìwé àṣẹ, ẹ fún wa ní ẹnìkan tó máa ṣí àwọn kọ́bọ́ọ̀dù switch. Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní nọ́ńbà mi lọ́wọ́, ẹ lè gbà á lọ́dọ̀ wọn.

Èmi ni,
Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yín tẹ́lẹ̀, Tanke, Ìlọrin.